Ọ̀gá Tó Ní Kí Gbogbo Àtòjọ Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Òun

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ipò iwájú, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú iná ojú títì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kò ju pé kí iná tàn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ó sì kú nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń bá Ọlọ́run gbé òṣùpá sókè. Tó bá wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n sì wà lórí ìdúró títí yóò fi jókòó. Kì í sì í tètè jókòó. Á kọ́kọ́ wo àga náà lọ́tùn-ún, á wò ó lósì, bí ẹni pé àga ló yẹ kó kí òun.

Òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọlé lọ. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀gá bá sín, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ní sísín náà bọ́ sákòókò. Bí ọ̀gá bá dákẹ́, á ní ẹ gbọ́ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti jinlẹ̀ tó. Ọ̀gá náà ní ìnagijẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Èmi-Làkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú yàrá kékeré kan tó fara ti ilé ìtọ̀, obìnrin kan ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí. Òun ló ń fi Páítọ̀n, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, sọ fún àwọn iná èyí tí yóò tàn àti èyí tí yóò sinmi. Òun náà ló ń tọ́jú àtòjọ orúkọ òṣìṣẹ́. Kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, nítorí wàhálà ti wà nílé tó ń dúró dè é. Bàbá rẹ̀ ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ láti bí ọdún méjì. Apá ọ̀tún bàbá náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì wúwo débi pé ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ló ń gbọ́ ọ yé. Òun ló ń wẹ̀ fún un láàárọ̀, òun ló ń bọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Kò sí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́tà dé láti olú ilé-iṣẹ́ pé iná tí wọ́n ń lò lójú títì ńlá ti pọ̀ jù, kí wọ́n dín in kù sí ìdajì. Ọ̀gá pe ìpàdé. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì wú ikọ́ ńlá kan.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "nígbà tí ìṣòro bá dé, àwọn kan á sá, àwọn kan á sunkún. Èmi á ronú. Mo ti ronú láti àná. Ẹ jẹ́ ká kéde fún gbogbo ará ìlú pé tí wọ́n bá ń rìn lójú títì lálẹ́, kí wọ́n máa di ojú kan. Ẹni tó di ojú kan, ìdajì iná ló ń lò."

"Hẹ̀ẹ́!" Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ké, ó di orí mú. "Ọgbọ́n ọ̀hún ti fẹ́ pa mí!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹ má dá wọn lẹ́jọ́ o. Owó oṣù ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ló na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, a lè tan ọ̀kan ká fo ọ̀kan. Ìdajì náà nìyẹn." Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ kúkurú kan tí gbogbo wọn rí:

iná[::2]

"Mo ti to gbogbo iná títì ńlá tẹ̀ léra, bí ìgbà téèyàn to búrẹ́dì tí wọ́n ti gé. Nínú àkámọ́ yẹn, ohun mẹ́ta la lè sọ fún ẹ̀rọ: ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó máa dúró sí, àti bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣe máa gùn tó. Tí mi ò bá sọ ibi ìbẹ̀rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́. Tí mi ò bá sọ ibi ìdúró, á lọ dé òpin. Ìṣísẹ̀ méjì ni mo fún un yìí. Á mú ọ̀kan, á fo ọ̀kan."

Ọ̀gá fi ọwọ́ pa àgbọ̀n. "Iná iwájú ilé mi ńkọ́?"

"Tiyín ni àkọ́kọ́ lójú títì, sà. Á tàn."

"Tí ìṣísẹ̀ bá di mẹ́ta?"

"Á tàn, sà. Á mú tiyín, á fo méjì, á wá mú ìkẹrin."

"Ogún ńkọ́? Ọgọ́rùn-ún ńkọ́?"

"Bó fẹ́ fo gbogbo ìlú, sà, orí àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ ń gbé ẹsẹ̀ lé."

Inú ọ̀gá dùn débi pé ó jókòó láì wo àga. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń wá irú nǹkan báyìí: ẹ̀rọ kan tó mọ ẹni tó yẹ kó ṣíwájú. "Nítorí náà, lójú ẹ̀rọ yìí, ẹni tó bá wà níwájú ni nọ́ńbà kìn-ín-ní."

Ìyá Kọ̀ǹpútà ìbá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ti mọ́ ọn lára jù. "Lójú ẹ̀rọ, sà, òdo ni ipò àkọ́kọ́ ń jẹ́. Òdo, ení, èjì, bó ṣe ń kà á nìyẹn."

"Òdo?" ni ọ̀gá wí. "Èmi? Òdo?"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti fò dìde. "Ẹ dákun, sà, kí ení tó dé ayé, ta ló bá nílé? Òdo ni! Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ení? Òdo ni! Ení gan-an, tí kò bá rí òdo lẹ́yìn ara rẹ̀, ṣé ó lè di mẹ́wàá?"

Ọ̀gá ronú sí i. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn díẹ̀díẹ̀. Kí ìpàdé náà tó tú, ó ti ṣe òfin kan. Òfin Ìbẹ̀rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó kà báyìí: pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ yàn nílé-iṣẹ́ náà, àtòjọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi yàn án, pé orúkọ Ọ̀gá Àgbà ni yóò wà lórí gbogbo àtòjọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlòmíràn, àti pé ẹnikẹ́ni kò lè yí òfin náà padà, títí kan Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀. Wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ ògiri, wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olú ilé-iṣẹ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ibẹ̀ sílẹ̀, bí oníkálukú ṣe wọṣẹ́ ni wọ́n ṣe to orúkọ òṣìṣẹ́. Bàbá Géètì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló wà lókè pátápátá. Ìyá Kọ̀ǹpútà gbé orúkọ ọ̀gá kúrò níbi tó wà, ó fi sókè, Bàbá Géètì sì sún fún un. Àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà jẹ́ ẹni keje, Ìyá Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹni kẹjọ.

"Sà," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí, "kì í ṣe ohun rere nìkan ni wọ́n ń fi àtòjọ yàn o. Ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ fún ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè wúlò lọ́jọ́ kan."

"Ta ló bi ọ́?" ni ọ̀gá wí.

Kò sẹ́ni tó bi í lóòótọ́. Ó padà sí yàrá rẹ̀.

Oṣù méjì kọjá. Ọ̀gá fi Òfin Ìbẹ̀rẹ̀ gba àga tuntun, ó fi gba àkọ́kọ́ ìsinmi, ó fi gba agboòrùn tí ilé ìfowópamọ́ kan fi tọrẹ. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi pín agboòrùn náà, tirẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ó ń gbé e kiri inú ọ́fíìsì bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́tà kejì wá dé. Olú ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun ní ìlú kan tí ọkọ̀ ń fi odindi ọjọ́ kan rìn débẹ̀. Kí wọ́n yan ẹnì kan nínú mẹ́ta-mẹ́ta. Tí ìyẹn bá máa dí iṣẹ́ ilé lọ́wọ́, wọ́n lè sọ ọ́ di mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá yàn, òṣìṣẹ́ lásán ni yóò jẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, lábẹ́ ọ̀gá tó ti wà ní ìlú ọ̀hún. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Òfin Ìbẹ̀rẹ̀ wú àwọn lórí púpọ̀, òun ni kí wọ́n fi yan àwọn èèyàn náà, ní gbangba, níṣojú olùbẹ̀wò.

Ọ̀gá ka ibi tí wọ́n ti yin òfin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọn ìlà tó kù, ó kà wọ́n bí ẹni ń ka àdírẹ́sì.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni ojora mú. Ọdún mẹ́rin! Ta ni yóò wẹ̀ fún bàbá? Dókítà ti sọ pé bàbá náà kò lè wọ ọkọ̀ ìrìn àjò mọ́. Ó sáré jókòó, ó fi ìka kà á. Òdo, ẹ̀ta, ẹ̀fà, ẹ̀sán. Ẹni kẹjọ ni òun, ipò keje lójú ẹ̀rọ. Ó ti fò ó. Ó dán ìṣísẹ̀ mẹ́rin wò, ó dán márùn-ún àti mẹ́fà wò, kò sí èyí tó kàn án. Ó mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló rí ẹni tí gbogbo wọn kàn, ó sì dìde lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, àtòjọ tí a fẹ́ lò lọ́la yìí..."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Gbọ́, ìyá. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èmi ni mo ṣe òfin. Ó mọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹni tó bá ń pa òwe fún ara rẹ̀, ẹ má já a lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Olùbẹ̀wò tí wọ́n ń retí, obìnrin kúkurú kan ni, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì mú pẹ́ńsù kan dání. Ọ̀gá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá olùbẹ̀wò gidi ń bọ̀. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Lónìí," ó ní, "àwọn kan á lọ. Ẹ má sunkún. Ìlú tí ẹ ń lọ jìnnà, oúnjẹ ibẹ̀ lè má dáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ni! Èmi ì bá lọ fúnra mi, tayọ̀tayọ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n yàn mí!"

"Ẹ ò rí bàbá gidi!" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ké.

Olùbẹ̀wò kọ gbólóhùn náà sílẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ òṣìṣẹ́[::3]. Orúkọ mọ́kànlélógún jáde sára ògiri, ti Ọ̀gá Àgbà ló ṣíwájú wọn.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà rí orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lókè. Ohun tó mọ́ ọn lára ló ṣe. "Ẹ kú oríire, sà!" Ó ti pàtẹ́wọ́ dé ìdajì kí ó tó rí orúkọ tirẹ̀ náà nísàlẹ̀, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró sójú afẹ́fẹ́.

"Ẹ̀rọ yìí ti ṣàṣìṣe," ni ọ̀gá wí.

"Ó gbé ẹsẹ̀ lé àkọ́kọ́ bí òfin yín ṣe wí, sà," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà dáhùn.

"Na ìṣísẹ̀ rẹ̀! Mẹ́rin!" Ó tẹ mẹ́rin. Ọ̀gá ló ṣíwájú. "Márùn-ún!" Ọ̀gá ló ṣíwájú. "Mẹ́fà!" Àwọn tó ń lọ ti dín kù sí mọ́kànlá, ọ̀gá ṣì wà lórí wọn bí adé.

Lójijì, ó tọ́ka sókè. "Ẹ tiẹ̀ gbọ́! Olùṣọ́-àgùntàn gidi, ẹ̀yìn agbo ló máa ń wà. Ṣé ẹ̀rọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn?"

"Ó lè ṣe é, sà. Tí a bá fi àmì ìyọkúrò síwájú ìṣísẹ̀, á kọjú sẹ́yìn. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni ìkẹyìn, á máa bọ̀ wá síwájú." Ìyá Kọ̀ǹpútà wo olùbẹ̀wò. Olùbẹ̀wò ní òun gbà, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ, òfin kò sì sọ̀rọ̀ nípa ìrìn ẹ̀yìn. Ó tẹ òṣìṣẹ́[::-3].

Orúkọ àkọ́kọ́ tó jáde ni ti ọmọbìnrin kan tó wọṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó fò sókè, ó ń yọ̀, nítorí ìlú ọ̀hún ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀, ó ń fo méjì, ó ń mú ọ̀kan. Ọ̀gá ń wò ó bí ẹni ń wo ajá tó ń sáré bọ̀ wá bá òun. Ó dé ẹni keje, ó mú Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Ó dé ẹni kẹrin, ó mú un. Ó fo ìkẹta, ó fo ìkejì, ó sì dúró pátápátá lórí ọ̀gá.

Wọ́n dán mẹ́rin wò láti ẹ̀yìn, wọ́n dán márùn-ún àti mẹ́fà wò. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Láti orí ẹni ìkẹyìn dé orí ọ̀gá, ọgọ́ta ìṣísẹ̀ gééré ni, ọgọ́ta sì ni nọ́ńbà tí mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà jọ ń pín láìṣẹ́kù. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò mọ ohun tí ọ̀gá náà ṣe fún ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbàgbé rẹ̀.

"Òdo!" ni ọ̀gá pariwo. "Fún un ní ìṣísẹ̀ òdo! Kó má gbé ẹsẹ̀ rárá!"

Ó tẹ òdo. Ẹ̀rọ fi lẹ́tà pupa dáhùn pé ìṣísẹ̀ kò lè jẹ́ òdo. "Kò gbà, sà. Ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ kò lè débì kankan."

"Jẹ́ kó jẹ́ ẹyọ kan nígbà náà! Kó mú gbogbo wa! Ká kó gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ!"

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Ìyá Kọ̀ǹpútà mú ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Olùbẹ̀wò fi pẹ́ńsù gbá tábìlì. "Mẹ́ta sí mẹ́fà ni lẹ́tà wí."

Ọ̀gá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Ìyá Kọ̀ǹpútà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kéré. "Ìyá, jọ̀ọ́. Sọ fún un kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹni kejì. Ta ló máa mọ̀? Mo máa fi ọ́ ṣe igbákejì mi."

Ẹni kejì. Lẹ́yìn náà, ẹni karùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹni kẹjọ. Ìyá Kọ̀ǹpútà kò nílò ìka láti kà á. Ó rí bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn, tó ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ahọ́n tó wúwo, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohun tó ń wí. Inú bí i. Ó bí i gidigidi.

Ó dìde, ó sọ ọ́ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ọ̀gá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹni kejì. Ẹ̀rọ ò kọ̀ ọ́, òfin ara ògiri yẹn ló kọ̀ ọ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé tí mo bá fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó máa mú èmi gan-an, bàbá mi ò sì lẹ́lòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo fi pamọ́."

Olùbẹ̀wò rìn lọ síbi gíláàsì, ó ka òfin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Kò síbi téèyàn lè gbà yọ." Ó padà wá. "Ó kù ká mọ ìṣísẹ̀ tí ẹ yàn."

Ọ̀gá gbé orí sókè. Ẹ má ṣe rò pé ó ti kọ́gbọ́n. "Mẹ́ta," ó ní. "Èèyàn bíi tèmi ò lè kó mẹ́wàá péré sẹ́yìn wọ̀lú. Ogún ni kó tẹ̀ lé mi."

Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bú sẹ́kún. Obìnrin mìíràn ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùbẹ̀wò kò wo ọ̀gá mọ́. "Ẹni tó bá wà lára àwọn tó ń lọ kò lè yàn mọ́. Ta ló wà níbí tí ìṣísẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kàn, tó sì mọ ẹ̀rọ yìí lò?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìyá Kọ̀ǹpútà kò ronú jìnnà. Ó tẹ mẹ́fà. Nínú mọ́kànlélógún tí ìṣísẹ̀ mẹ́ta ìbá kó lọ, mẹ́wàá jókòó padà, ọkùnrin ọlọ́mọ tuntun náà wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kò sí lára wọn. Ó yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, ó ń bi olùbẹ̀wò léèrè irú èèyàn tí ọ̀gá ìlú ọ̀hún jẹ́, àti irú ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbé wọn, Ìyá Kọ̀ǹpútà mú fáìlì ọ̀gá wá fún un lẹ́nu géètì. Kò sẹ́ni tó dìde fún ọ̀gá ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gbà kọjá. Bàbá Géètì nìkan ló yọ fìlà. Ọ̀gá dúró, ó wo fáìlì náà, ó wo obìnrin náà.

"Ìyá, òtítọ́ ni kó o sọ fún mi. Ṣé kò síbi tí orúkọ mi ìbá wà nínú àtòjọ yẹn, tí gbogbo ìṣísẹ̀ yẹn ìbá fi fò mí?"

"Ó pọ̀, sà. Ẹni kejì wà lára wọn. Láti iwájú, láti ẹ̀yìn, kò sí èyí tó kàn án."

"Ẹni kejì." Ọ̀gá gba fáìlì náà. "Níbo ni orúkọ mi tiẹ̀ wà, kó o tó gbé e?"

Ìyá Kọ̀ǹpútà wo ilẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é, kò sì fẹ́ kó ṣe é. "Ibẹ̀ náà ni, sà. Ẹ̀yin lẹ wọṣẹ́ tẹ̀ lé Bàbá Géètì."

Ọ̀gá yíjú sí bàbá arúgbó náà, tó ti ń ṣí géètì fún ọkọ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ wá wà níbẹ̀ báyìí?"

"Èmi ni, sà," ni Bàbá Géètì wí. "Ẹ̀yin náà lẹ tì mí síbẹ̀. Ẹ ṣeun o."